Pẹpẹ Ọlọ́run àti Àga Ìjọba

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé wa lọ́wọ́ láti sọ lónìí ti di ọ̀rọ̀ tí a kò lè dákẹ́ lé lórí mọ́. Ìwé ti wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀ka mẹ́rin, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì ń béèrè. Bí òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí a ti gbé ọwọ́ lé lórí nínú ìjọ wa bá fẹ́ lọ du ipò nínú ìṣèlú ìpínlẹ̀ rẹ̀, kí ni kí ìjọ ṣe? Ṣé kí a súre fún un ni, tàbí kí a lé e jáde? Àwọn kan nínú wa ti dáhùn pé ẹlẹ́gbin ni ìṣèlú, àti pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀wù funfun wọ inú ẹrẹ̀, àbùkù ni yóò mú bọ̀ wálé. Àwọn mìíràn ní bí àwọn olùbẹ̀rù Ọlọ́run bá ń sá fún ìjọba, àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ni yóò máa jókòó síbẹ̀ títí ayé. Ìhà méjèèjì ní ohun tí wọ́n rí. Àwa bẹ̀ yín pé kí a má tíì yan ìhà kankan, kí a kọ́kọ́ wo ìgbésí ayé àwọn tí wọ́n ti gba ọ̀nà náà kọjá ní orílẹ̀-èdè wa yìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí òfin wí. Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò ka oyè àlùfáà sí ohun tí ó lè dí ènìyàn lọ́wọ́ láti du ipò gómìnà. Ohun tí ó béèrè ni pé kí olúwarẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí, kí ó ti pé ọmọ ọdún 35, kí ẹgbẹ́ òṣèlú kan fà á kalẹ̀, kí ó sì ti kàwé dé ìwọ̀n ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ní ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ọmọ ọdún 25 ti tó láti ìgbà tí a tún òfin náà ṣe ní ọdún 2018. Ṣùgbọ́n abala kẹwàá òfin kan náà sọ pé ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti orí pẹpẹ bọ́ sí orí àga náà ti di ti gbogbo ènìyàn. Ó di ti Kristẹni, ti Mùsùlùmí, ti ẹni tí ń bọ òrìṣà, àti ti ẹni tí kò sin ohunkóhun.

Nísinsìnyí ẹ bá wa kálọ sí Ìpínlẹ̀ Benue, ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà, níbi tí àwọn Tiv, àwọn Idoma àti àwọn Igede ń gbé, ilẹ̀ iṣu àti ọsàn tí a ń pè ní agbọ̀n oúnjẹ orílẹ̀-èdè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ará ibẹ̀ ti fi ìbò wọn gbé àlùfáà Ìjọ Àgùdà sí orí àga gómìnà.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Moses Orshio Adasu, tí ó gorí àga ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1992. Ìjọba rẹ̀ kò pé ọdún méjì, nítorí ní oṣù kọkànlá ọdún 1993, Ọ̀gágun Sani Abacha gba ìjọba orílẹ̀-èdè, ó sì tú gbogbo ìjọba alágbádá ká. Ṣùgbọ́n láàárín àkókò kúkúrú náà ni a dá yunifásítì ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní Makurdi, ní ọdún 1992. Adasu kú ní ọdún 2005. Ilé ẹ̀kọ́ náà wà síbẹ̀ di òní, orúkọ rẹ̀ ni a sì ti wá fi ń pè é. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ dókítà, agbẹjọ́rò àti olùkọ́ ni ó ti ibẹ̀ jáde, tí púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ tíì dáyé nígbà tí ó fi àga sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní òjíṣẹ́ Ọlọ́run kò lè ṣe ohun rere kankan nínú ìjọba, kí ó rántí èyí.

Ẹnì kejì ni Hyacinth Iormem Alia. A bí i ní ọdún 1966, a sì fi í jẹ àlùfáà ní ọdún 1990. Fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún ni ó fi ṣe iṣẹ́ àlùfáà, orúkọ rẹ̀ sì kàn nítorí ìsìn ìwòsàn tí ó máa ń ṣe, èyí tí àwọn aláìsàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá sí. Nígbà tí ó wọ inú ìdíje fún ipò gómìnà, bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Gboko, William Avenya, dá a dúró nínú iṣẹ́ àlùfáà ní gbangba, ní oṣù karùn-ún ọdún 2022. Bíṣọ́ọ̀bù náà kò ṣe é pẹ̀lú ìkórìíra. Òfin Ìjọ Àgùdà ti ọdún 1983 ni ó kà á léèwọ̀ fún àlùfáà láti gba ipò tí ó ní agbára ìjọba nínú. A kò lé e kúrò nínú ìjọ, a kò sì sọ ọ́ di kèfèrí. Ohun tí a ṣe ni pé a gba pẹpẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣi ohùn ìjọ mú fún ohùn ẹgbẹ́ òṣèlú. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, àwọn ará Benue dìbò fún un, ìbò rẹ̀ lé ní 470,000, a sì búra fún un ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún náà.

Ẹ̀yin ará, kí ni ó mú kí àwọn ènìyàn náà fẹ́ àlùfáà tó bẹ́ẹ̀? Ìrora ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn agbébọn ya wọ ìsìn òwúrọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ayar-Mbalom ní ìpínlẹ̀ náà, wọ́n sì pa àlùfáà méjì àti ọmọ ìjọ mẹ́tàdínlógún. Àwọn abúlé mìíràn ti jóná ṣáájú ìyẹn, àwọn mìíràn sì jóná lẹ́yìn rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ fi oko sílẹ̀, wọ́n lọ ń gbé inú àgọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí irú nǹkan báyìí yóò máa wá ẹni tí Ọlọ́run rán.

Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún 2025, nígbà tí àlùfáà náà ti wà lórí àga fún ọdún méjì, àwọn apànìyàn tún ya wọ Yelwata lóru, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì ṣègbé. A kò sọ èyí láti fi dá gómìnà náà lẹ́bi. Ní orílẹ̀-èdè wa, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ọmọ ogun kò sí lábẹ́ àṣẹ gómìnà. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ni wọ́n. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé ẹ̀wù àlùfáà kì í dá ọta ìbọn dúró. Gómìnà a máa fọwọ́ sí ìwé ètò ìnáwó, a máa bá ilé aṣòfin jiyàn, a máa san owó oṣù, a sì máa dúró de owó tí ń ti Abùjá wá lóṣooṣù. Bí ọmọ ìjọ bá rò pé nítorí pé wòlíì òun ti jókòó sórí àga, gbogbo nǹkan ti bù ṣe, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ, ó sì ń gbé ẹrù tí ènìyàn kankan kò lè rù lé òjíṣẹ́ náà lórí.

Ẹ jẹ́ kí a wá kọjá lọ sí ìpínlẹ̀ tí ó bá Benue pààlà ní ìhà ìlà-oòrùn, èyí ni Taraba. Ibẹ̀ ni Jolly Nyame ti jọba, ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní Rẹ́fáràndì. Òun àti Adasu jọ gorí àga ní oṣù kan náà ni, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1992, ìjọba ológun kan náà ni ó sì tú àwọn méjèèjì ká ní ọdún 1993. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní ọdún 1999, àwọn ará Taraba tún dìbò fún un, ó sì lo sáà méjì títí di ọdún 2007. Bí a bá kà á pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́wàá tí ó fi jẹ́ gómìnà.

Ní ọdún tí ó kúrò lórí àga náà ni a gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹjọ́ náà fa ọdún mọ́kànlá. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2018, Adájọ́ Adebukola Banjoko ní Abùjá dá a lẹ́bi pé ó da ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Owó tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí jẹ́ bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 640 náírà. Lára rẹ̀ ni owó tí a ní kí a fi ra ìwé àti ohun èlò ìkọ̀wé fún ìjọba wà. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá ni adájọ́ dá fún un. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dín in kù sí ọdún méjìlá, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2020. Ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari dárí jì í ní ọdún 2022, ó sì jáde kúrò lẹ́wọ̀n ní oṣù kẹjọ ọdún náà.

Ọdún méjìlá! Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìwé Mímọ́ yóò rántí Nehemáyà, tí òun náà ṣe gómìnà ní Jùdíà fún ọdún méjìlá. Ó jẹ́rìí nípa ara rẹ̀ pé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, òun àti àwọn arákùnrin òun kò jẹ oúnjẹ tí ó tọ́ sí gómìnà, nítorí pé àjàgà ti wúwo jù lọ́rùn àwọn ènìyàn. Ẹ kíyè sí i pé oúnjẹ náà tọ́ sí i lábẹ́ òfin. Ó fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí àánú. Ẹni tí ó lè fi ẹ̀tọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣòro kí ó tó na ọwọ́ sí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ìka na Nyame kí a sì lọ sùn. Ó ti jìyà rẹ̀, a sì ti dárí jì í. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé, bí ó bá jẹ́ pé àwa ni ìjọ rẹ̀, ta ni nínú wa ni ìbá wọlé tọ̀ ọ́ lọ ní ọdún kẹta tàbí ọdún karùn-ún, kí ó wí fún un pé, Bàbá, ọ̀nà yìí kò dára? Ṣé àwa ni, tàbí àwa kọ́ ni à bá ka orúkọ rẹ̀ sókè níbi ìdúpẹ́ ìkórè, tí à bá sì ní kí ó wá jókòó síwájú?

Ẹ̀yin Bàbá àti ẹ̀yin ará, ó di dandan kí a jẹ́wọ́ ohun kan níwájú àpéjọ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, òjíṣẹ́ kan nínú ìjọ wa wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ rẹ̀. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ ìlú náà. Ìjọba fún ẹkùn rẹ̀ ní kànga ẹ̀rọ kan, kí gbogbo ìlú lè rí omi mu. Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ni ó gbẹ́ ẹ sí. A yọ̀, a pe àwọn ẹ̀ka tí ó yí wa ká, a sì ṣe ìdúpẹ́. Àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí wà níbẹ̀. Àwa ni a gbàdúrà lórí kànga náà, àwa ni a sì wọ́n omi ìyàsímímọ́ sí i lára.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, àwọn obìnrin ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í tò sí ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú garawa àti agbada. Bí ìsìn bá ń lọ, a ó ti ilẹ̀kùn ọgbà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a ó tún tì í. Ní ọjọ́ kan, màmá àgbàlagbà kan, tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé, “Ọmọ mi, omi ìjọba ni, àbí omi ṣọ́ọ̀ṣì?” Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Àwa náà gbọ́, a sì wo ilẹ̀.

Èyí tí ó burú jù ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí owó oṣù àwọn olùkọ́ ní ẹkùn náà kò jáde fún oṣù mẹ́ta, aṣòfin náà ránṣẹ́ sí wa pé kí a bá òun kéde sùúrù láti orí pẹpẹ. A sì kéde rẹ̀. Ó wà lọ́kàn wa láti bi í léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ nínú ilé aṣòfin nípa owó náà, ṣùgbọ́n ahọ́n wa kò sọ ọ́ jáde. Àwọn baba wa sọ pé ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. A ti mu omi náà. Àwọn olùkọ́ tí ebi ń pa wà nínú ìjọ kan náà, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń gbọ́ wa. Bí òjíṣẹ́ náà bá ṣìnà, àwa ni a kọ́kọ́ bá a ṣìnà.

Nítorí náà, ohun tí a ń mú wá síwájú àpéjọ yìí kan ìjọ gẹ́gẹ́ bí ó ti kan òjíṣẹ́ tí ó fẹ́ lọ. Ohun márùn-ún ni.

Èkínní, kí òjíṣẹ́ tí ó bá fẹ́ du ipò kọ ìwé, kí ó sì fi pẹpẹ àti ìṣàkóso ẹ̀ka sílẹ̀ kí ó tó gba fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ òṣèlú. Kí a má ṣe bú u, kí a má sì ṣe ka a sí apẹ̀yìndà. Ọmọ ìjọ ni yóò jẹ́, yóò sì jókòó láàárín àwọn ọmọ ìjọ.

Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe polongo ìbò láti orí pẹpẹ wa, kí wòlíì kankan má sì ṣe dárúkọ ẹni tí yóò wọlé. Bí aríran bá rí ìran nípa ọ̀rọ̀ ìdìbò, kí ó mú un tọ àwọn alàgbà lọ ní ìkọ̀kọ̀. A mọ̀ pé èyí yóò nira nínú ìjọ bíi tiwa, níbi tí a ti ń gbọ́ ohùn Ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ orúkọ méjì fún olùdíje méjì nítorí owó ti tàbùkù sí gbogbo aríran.

Ẹ̀kẹta, kí ìdámẹ́wàá àti ọrẹ tí ó bá ti inú owó oṣù rẹ̀ wá nìkan ni kí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé bí a ti ń kọ ti ẹlòmíràn. Ohunkóhun tí ó jẹ́ ti ìjọba, ìbáà ṣe kànga, símẹ́ńtì tàbí páànù, kò gbọdọ̀ wọ inú ọgbà wa.

Ẹ̀kẹrin, kí a yan alàgbà méjì àti ìyá ìjọ kan tí kò ní ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n máa lọ bá a ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n sì bi í léèrè bí owó ti ń wọlé àti bí ó ti ń jáde. Dáfídì ọba ní Nátánì. Kò sí òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó ga ju kí ó ní tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀karùn-ún, bí sáà rẹ̀ bá parí, kí ó dúró fún ọdún kan gbáko kí ó tó padà sórí pẹpẹ, kí ó sì kọ́kọ́ dúró níwájú ẹ̀ka rẹ̀ bí Sámúẹ́lì ti dúró níwájú Ísírẹ́lì nígbà ogbó rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn bóyá òun ti gba màlúù ẹnikẹ́ni tàbí òun ti rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, wọ́n sì jẹ́rìí pé kò sí. Bí ó bá sì ṣubú tí ó dé ẹ̀wọ̀n, kí a bẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀, kí a má sì jẹ́ kí aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe aláìní. Nígbà tí ó bá jáde, kí a gbà á pẹ̀lú omijé àti àdúrà. Kí a má ṣe fi ìlù àti fèrè pàdé rẹ̀ bí ẹni tí ó ti ojú ogun bọ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé àjàgà yìí wúwo. Lóòótọ́ ni ó wúwo. Ẹni tí kò bá lè rù ú, kí ó dúró ti pẹpẹ rẹ̀, iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lè rù ú, kí ó lọ, kí Ọlọ́run sì wà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ilẹ̀ yìí nílò yunifásítì, ó nílò ọ̀nà, ó sì nílò adájọ́ òdodo, ènìyàn ni Ọlọ́run sì máa ń lò láti ṣe wọ́n.

Kí a tó jókòó, ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí kànga náà. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, àwọn ọmọ ìjọ ẹ̀ka náà pàdé. Wọ́n dá owó láàárín ara wọn, wọ́n wó ògiri ọgbà ní ìhà ibi tí kànga wà, wọ́n sì tún un mọ sẹ́yìn. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì dín kù níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà ogún. Ìta ni kànga wà nísinsìnyí, kò sì sí ilẹ̀kùn níbẹ̀. Màmá àgbàlagbà ọjọ́sí ti wá pọn omi. A kí i, ó sì dáhùn, ó gbé garawa rẹ̀ rù, ó lọ.

Kí Ọlọ́run fún àpéjọ yìí ní ọgbọ́n láti ṣe ìpinnu tí ó tọ́, kí ó sì pa àwọn òjíṣẹ́ rẹ̀ mọ́ níbikíbi tí wọ́n bá jókòó sí. Àmín.